Ogún Nínú Ìgbéyàwó Ẹlẹ́ẹ̀kejì: Ohun Tí Ó Kan Olùṣọ́-Àgùntàn Kí Ó Tó So Tọkọtaya Pọ̀

A máa ń wàásù dáadáa lórí Ábúráhámù. A ń wàásù ìpè rẹ̀ láti Úrì, a ń wàásù òkè Móráyà, a sì ń wàásù ìrìnàjò ìránṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó lọ wá Rèbékà, pàápàá bí a bá fẹ́ gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 25, ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ ìwàásù lórí wọn. Níbẹ̀ ni a ti kà pé Ábúráhámù tún fẹ́ Kétúrà, obìnrin náà sì bí ọmọkùnrin mẹ́fà fún un. Bàbá ìgbàgbọ́ wá di ẹni tí ó ní ọmọ láti ara obìnrin mẹ́ta: Íṣímáẹ́lì ti Hágárì, Ísáákì ti Sárà, àti àwọn mẹ́fà ti Kétúrà. Ohun tí ó ṣe sí ọ̀rọ̀ náà kúrú nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n ó yé ni. Ó fi ohun ìní rẹ̀ fún Ísáákì, ó fún àwọn ọmọ yòókù ní ẹ̀bùn, ó sì ṣe é nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Nígbà tí ó kú, Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì ni wọ́n jọ sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ 9 ti sọ.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ pín ogún bí ó ti pín in. Ó rán àwọn ọmọ yòókù lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ìdí ìlérí sì wà fún ìyẹn tí kò sí nínú ilé tiwa. Àsìkò tí ó ṣe é ni a fẹ́ tọ́ka sí. Ó mọ̀ pé ìdílé òun ti di ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí àwọn ọmọ máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹ fi wé ilé Dáfídì nínú 1 Àwọn Ọba orí 1. Ọba ti ṣe ìlérí fún Bátíṣébà, ṣùgbọ́n ìlérí inú yàrá ni. Ìlú kò gbọ́. Nígbà tí ara ọba di tútù, Àdóníjà ti ń pa ẹran àsè, Bátíṣébà sì ní láti wọlé lọ bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀. Bátíṣébà pọ̀ nínú ìjọ wa.

Ìdí tí a fi ń kọ èyí ni pé ìgbéyàwó ẹlẹ́ẹ̀kejì ti di ohun tí a ń rí lemọ́lemọ́, a kò sì kọ́ àwọn òjíṣẹ́ wa tó nípa bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Opó ń lọ́kọ, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú ń fẹ́ ìyàwó, ẹni tí ilé-ẹjọ́ tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká ń wá ẹnìkejì. Ìbéèrè tí a ń bi wọ́n ni èyí tí a ṣètò fún ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. A ti rí ibi tí wọ́n ti ní kí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún àti ìyá tí kò rí nǹkan oṣù mọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù. Kò burú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi wọ́n pé: ilé tí ẹ fẹ́ lọ máa gbé, ta ni ó ni ín? Bí ọ̀kan nínú yín bá kú, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà?

Ẹ jẹ́ kí a fi díákónì kan ní Ìbàdàn ṣe àpèjúwe. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò mọ irú rẹ̀. Ìyàwó tí ó fẹ́ ní kékeré kú, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀. Òun àti ìyàwó yẹn ni wọ́n jọ kọ́ ilé tí ó ń gbé. Obìnrin náà ń ta aṣọ ní Gbági, èrè ọjà rẹ̀ ni wọ́n fi ra búlọ́ọ̀kù àti páànù. Lẹ́yìn ìsìnkú, díákónì lọ bá lọ́yà, ó kọ ìwé ìhágún, ó ní kí ilé náà jẹ́ ti àwọn ọmọ méjèèjì. Ó pè wọ́n, ó fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó rí arábìnrin kan, opó tí ó ní ọmọkùnrin kan. Wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó ti ìjọba, ìjọ sì gbàdúrà fún wọn. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Díákónì fẹ́ràn gbogbo wọn. Ọmọ tí ìyàwó mú wá, ọmọ mi ni ó ń pè é, òun ni ó sì rán an lọ sí yunifásítì. Ìwé ìhágún wà nínú dúróà. Kò tún wò ó mọ́. Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ gbé ìwé náà jáde. Lọ́yà kà á, ó bi wọ́n ní ọjọ́ tí bàbá wọn ṣe ìgbéyàwó kejì, ó sì ní ìwé náà ti kú láti ọjọ́ yẹn.

Ọ̀pọ̀ òjíṣẹ́ ni kò mọ èyí, bẹ́ẹ̀ òfin náà ti pẹ́. Ó wà nínú Òfin Ìwé Ìhágún tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1837, àwọn òfin tiwa sì gbà á wọlé: bí ọkùnrin tàbí obìnrin bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó, ìwé ìhágún tí ó ti kọ ṣáájú di asán. Ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n jáde láti ara Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kì í fagi lé ìwé ìhágún. Ti kọ́ọ̀tù, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, ni ó ń fagi lé e. Ìyẹn ni pé ìsìn tí àwa ń ṣe lórí pẹpẹ lè pa ìwé tí bàbá kan fi omijé kọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kí bàbá náà má mọ̀, kí olùṣọ́-àgùntàn náà má sì mọ̀.

Nígbà tí ìwé bá ti kú, òfin tí ó wà fún ẹni tí kò kọ ìwé ìhágún ni yóò wọlé. Lábẹ́ òfin náà, tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1959, ìyàwó tí a fẹ́ lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó ní ipín tirẹ̀ nínú ohun ìní ọkọ, gbogbo ọmọ tí ọkọ bí sì ní tiwọn. Nítorí náà ilé tí ìyá tí ó ti kú bá wọn kọ́ kò ní jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì nìkan mọ́. Ọmọkùnrin tí opó mú wá kò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀, àyàfi bí díákónì bá ti gbà á ṣọmọ nílànà òfin. Pípè é ní ọmọ mi kò tó. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ yóò ní obìnrin yìí ni ó fi ọgbọ́n jẹ òógùn ìyá àwọn. Wọn yóò sì fi orúkọ pásítọ̀ kún un.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó ṣáájú ìwé ìhágún, ìyẹn ni irú ìgbéyàwó tí a ṣe gan-an. Nítorí ìtìjú tàbí nítorí owó, ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ẹlẹ́ẹ̀kejì ni a ń ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ nínú ọ́fíìsì pásítọ̀, pẹ̀lú àdúrà àti kéèkì kékeré. Bí wọn kò bá gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ olùforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, tí ẹbí kò sì gba ìdána kí wọ́n fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, kí ni a ṣe lọ́jọ́ náà? Lójú òfin, a kò so ẹnikẹ́ni pọ̀. Obìnrin náà yóò jẹ́ ìyá ìjọ, yóò jókòó ní iwájú, a ó máa pè é ní màmá. Ní ọjọ́ tí ọkọ bá kú, yóò wá hàn pé àlejò ni nínú ilé. Olúwa kò fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rán wa sí ẹnikẹ́ni.

Èyí tí ó tún burú jù ú lọ ni ti ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì tú ká. Pé ìyàwó ti kó jáde láti ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ ara wọn, Ilé-Ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó lè tú u ká. Ìwé tí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ bá fún wọn kò ní agbára lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún ìfòróróyàn, ẹ kọ́ láti bèèrè ìwé, kí ẹ sì kà á fúnra yín. Ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó lórí èyí tí kò tíì tú, asán ni ìkejì, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn sì ni pẹ̀lú. Ìyàwó àkọ́kọ́ tí gbogbo ìjọ ti gbàgbé ni òfin mọ̀ sí opó. Ti àwọn ọmọ yàtọ̀: Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, ní abala 42, kò gbà kí a fi ohun kan du ọmọ nítorí ọ̀nà tí a gbà bí i.

Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe, tí ọkọ kò sì kọ ìwé kankan, àṣà Yorùbá ni yóò pín ogún náà. Gbogbo wa mọ orúkọ ọ̀nà méjèèjì, ìdí-igi àti orí-ò-jorí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi owó ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá bí ọmọ kan fún ìyàwó tí ó kú, tí ó sì bí mẹ́rin fún èyí tí ó fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí ohun tí ó fi sílẹ̀ jẹ́ ogójì mílíọ̀nù náírà, ìdí-igi yóò fún ọmọ kan ṣoṣo ti ìyàwó àkọ́kọ́ ní ogún mílíọ̀nù, àwọn mẹ́rin yòókù yóò sì pín ogún mílíọ̀nù tí ó kù, márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, mẹ́jọ mẹ́jọ ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè rí ibi tí ìjà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Irú ìjà yìí ni àwọn ọmọ Suberu Dawodu gbé dé ilé-ẹjọ́ ní Èkó, ọmọ mẹ́sàn-án láti ara ìyàwó mẹ́rin. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in dọ́gba. Ní 1958 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ yí i padà, ó ní ìdí-igi ṣì ni àṣà, àti pé olórí ẹbí ni ó lè yan orí-ò-jorí bí ó bá rí i pé ìdí-igi yóò dá ìjà sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí ìdájọ́ yìí ní 1962. Igi tí ó ti wó ṣì jẹ́ igi nínú ìṣirò náà, bí ó bá ti ní ọmọ.

Ìyàwó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nínú àṣà wa, kì í jogún ọkọ. Ìdájọ́ kan wà ní 1957, Suberu àti Sunmonu, tí adájọ́ ti sọ ọ́ láìfi bò pé ìyàwó kò lè jogún ọkọ níwọ̀n ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹbí ọkọ ń jogún. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń ṣú opó láyé àtijọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ṣùgbọ́n 1 Pétérù 3:7 pe ọkọ àti aya ní ajùmọ̀jogún oore-ọ̀fẹ́ ìyè. A kò rí bí òjíṣẹ́ ṣe lè ka ẹsẹ yẹn níbi ìgbéyàwó kí ó sì fi ọwọ́ lẹ́rán bí arábìnrin náà ṣe ń wọ ilé tí kò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú rẹ̀. Ní 1898 ni ilé-ẹjọ́ ní Èkó ti dájọ́, nínú ọ̀ràn ìdílé Cole, pé ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó onígbàgbọ́ ti yọ ohun ìní rẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣà pé àbúrò ọkùnrin ni yóò kó o. Ìyàwó àti ọmọ ni ó jàre. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún. Síbẹ̀, àbúrò ṣì ń wá kó mọ́tò lọ ní ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú.

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ yìí kan ọkùnrin nìkan. Ẹ wo opó tí ó ní ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú ń gbé. Bí ilé náà bá jẹ́ ti ọkọ, tí ọkọ kò sì kọ ìwé, nínú àṣà àwọn ọmọ ọkọ ni wọ́n ni ín. Ìyá wọn ń gbé inú rẹ̀ ni. Kò lè gbé ọkọ tuntun wọ ibẹ̀ kí ó ní ilé òun ni. A mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀, a sì mọ ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe sí i. Ohun tí obìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ, ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀, owó àjọ, tirẹ̀ ni. Nínú àṣà, ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀, ọkọ kò sí níbẹ̀. Ó yẹ kí ọkọ tuntun gbọ́ èyí kí ó tó máa fi owó rẹ̀ kún ilé tí ìyàwó ń kọ́.

Kí ni díákónì wa ì bá ti ṣe? Ohun tí ó rọrùn jù ni kí ó kọ ìwé ìhágún tuntun lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ó lè ní kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, kí òun sì fọwọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dé láti ibi ìgbéyàwó. Nínú rẹ̀, ó lè sọ pé kí ìyàwó máa gbé inú ilé náà títí ọjọ́ ikú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè lé e, kí òun náà má lè tà á, àti pé bí ó bá kú kí ilé padà sọ́wọ́ ọmọ méjèèjì ti ìyá tí ó bá a kọ́ ọ. A ka èyí sí ọ̀nà tí ó dára jù fún irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí ó tọ́jú alààyè láìjẹ òógùn òkú. Ṣùgbọ́n kí ó kọ àwọn ohun kéékèèké pẹ̀lú: ta ni yóò tún òrùlé ṣe, ta ni yóò san owó ilẹ̀ fún ìjọba, ta ni yóò gba owó bí wọ́n bá fi yàrá méjì tí ó wà lẹ́yìn háyà? Bí ìyàwó bá tún lọ́kọ ńkọ́? Nínú irú ìbéèrè báyìí ni ìjà ń fara pa mọ́ sí. Fún ọmọbìnrin tí wọ́n jọ bí, ó lè fi ilẹ̀ mìíràn fún un. Fún ọmọ tí ìyàwó mú wá, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gbangba àti ohun tí ó fún un. Bí ó bá sì fẹ́ ṣe bí Ábúráhámù, ó lè fún ọmọ ní ilẹ̀ ní ojú ayé rẹ̀, kí ó fi ìwé ìfúnni tì í lẹ́yìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu níbi ọjọ́ ìbí.

Ilẹ̀ ẹbí kò sí nínú èyí. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ọmọ bàbá ẹni, ẹnì kan kò lè fi sínú ìwé ìhágún. Ní Èkó, òfin tún gba ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ láàyè láti lọ sí ilé-ẹjọ́ bí ìwé ìhágún kò bá ṣe ètò tí ó tó fún wọn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun lè fi ìbínú yọ ọmọ kan kúrò kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Orúkọ tí a kọ sí báńkì gẹ́gẹ́ bí next of kin kì í sọ ẹni náà di ajogún. Ẹni tí báńkì yóò pè ni. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó tún ìyàwó fẹ́ ni orúkọ ìyàwó tí ó ti kú ṣì wà nínú fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Ní ti àwọn tí yóò mú ìwé náà ṣẹ, èrò tiwa ni pé kí wọ́n má fi ìyàwó kejì nìkan ṣe é, kí wọ́n má sì fi àrẹ̀mọ nìkan ṣe é. Kí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹlòmíràn tí kò ní nǹkan láti jẹ nínú rẹ̀.

Kí ẹlòmíràn yẹn má ṣe jẹ́ àwa. Nínú Lúùkù 12:13-14, Olúwa wa kọ̀ láti di olùpín ogún láàrin tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Iṣẹ́ wa ni láti rí i pé wọ́n jókòó sọ̀rọ̀, kí a sì tọ́ wọn sọ́dọ̀ lọ́yà. Kí ọwọ́ wa má kọ ìwé náà. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin fẹ́, kí wọ́n jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó ni ìwé bá ń fọwọ́ sí i. Ẹni tí a fún ní nǹkan nínú ìwé, tàbí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, bí ó bá jẹ́rìí sí i, ìwé dúró ṣùgbọ́n ẹ̀bùn rẹ̀ ti lọ. Olùṣọ́-àgùntàn tí ó bá sì lọ kọ ìwé fún aláìsàn lórí ibùsùn, tí ilẹ̀ wá di ti ìjọ nínú ìwé náà, ilé-ẹjọ́ yóò fura sí i, ìlú yóò sì fura sí i. Wọn kò ní jẹ̀bi.

Ó ku ilé tiwa. Olùṣọ́-àgùntàn pẹ̀lú ń di ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó sì ń fẹ́ ẹlòmíràn. Ilé míṣọ̀n kì í ṣe ogún. Ìyàwó tuntun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí òun bá di opó, òun yóò kó jáde níbẹ̀, kí wọ́n sì ti mọ ibi tí yóò kó lọ. Ilẹ̀ tí a fi owó ìjọ rà ní orúkọ pásítọ̀, nítorí pé ìjọ kò tíì ní ìwé nígbà náà, kí ó yára yí i sí orúkọ ìjọ nígbà tí ó wà láàyè. Bí ó bá kú pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni a ó máa fà á sí: ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́, ìyàwó kejì, àti ìjọ.

Nítorí náà a dábàá pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan fi ìpàdé kan kún ìmúrasílẹ̀ fún ìgbéyàwó ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ó sì wáyé kí a tó kéde orúkọ wọn. Kí àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà níhà méjèèjì wà níbẹ̀. Kí bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe nípa ilé, kí ìyá náà sọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan bínú jáde. A ti rí i. Ó sàn kí ó bínú lọ́jọ́ náà, tí bàbá rẹ̀ ṣì lè pè é padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí a so wọ́n pọ̀, kí òjíṣẹ́ yà sí ilé wọn, kí ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti lọ fọwọ́ sí ìwé tuntun, àti bóyá wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ ní báńkì àti ní ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì. Kò pọn dandan kí ó ka ohun tí wọ́n kọ.